Ohun tí Ìgò Àtijọ́ ń Sọ nípa Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ nípa Mówé, Ìbàfò àti Ifọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ wa nínú. Wọ́n a ní ìlú tuntun ni àwọn ìlú wọ̀nyí, pé àwọn tí Èkó kò gbà mọ́ ni ó wá tẹ̀ wọ́n dó, pé kò sí ìtàn níbẹ̀ àfi ìtàn ọ̀nà mọ́tò àti ti ilẹ̀ títà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn, wọ́n a ní kí ó kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí Ọ̀yọ́, tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí ààfin àti odi ìlú wà.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìwé tí a kọ nípa àwọn ìlú mẹ́ta yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ohun kan wà ní gbogbo agbo ilé, tí a ń fi ẹsẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì ń kó dà sórí ààtàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ ni. Ìgò ni, pẹ̀lú dígí, àti ìlẹ̀kẹ̀, àti ife, àti ohun gbogbo tí iná fi yanrìn bí. Nípa wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹnikẹ́ni lè bèèrè pé kí ni ó dé tí a fi yan dígí láàárín gbogbo ohun èlò inú ilé. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní ni pé dígí kì í jẹrà. Igi a máa jù, irin a máa dípẹtà, aṣọ a máa gbó, ikán a sì máa jẹ ìwé. Ògiri amọ̀ tí baba kọ́, bí ọmọ kò bá tún un ṣe, òjò yóò sọ ọ́ di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò tí ó bọ́ sínú ilẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún 100 ọdún, kí ẹni tí ó wú u jáde fi omi ṣàn án, kí ó sì rí àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ tí a kọ sí i lára bí ẹni pé àná ni a ṣe é.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun iyebíye kì í tètè dé orí ààtàn. Wúrà àti iyùn, ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń gbà wọ́n, ọwọ́ ọmọ sì ni ọmọ-ọmọ ti ń gbà wọ́n. Nítorí náà, bí a bá rí wọn nínú ilẹ̀, kò rọrùn láti mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. A rà á, a mu ohun inú rẹ̀, ó fọ́, a jù ú nù. Àárín ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí a jù ú nù kì í sábà jìnnà. Nítorí pé kò níyelórí ni ó ṣe lè sọ fún wa, láìtan wá jẹ, ìgbà tí àwọn ènìyàn gbé ní ibì kan, ohun tí wọ́n mu, ohun tí wọ́n fi wo ara wọn sàn, àti ibi tí ọjà wọn ti wá.

DÍGÍ KÍ ÒYÌNBÓ TÓ DÉ

Kí á tó dé orí ìgò, ó yẹ kí á mú èrò kan tí kò tọ́ kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú dígí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibi tí à ń pè ní Igbó Olókun, àwọn baba ńlá wa ń yọ́ dígí láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ń jáde láti inú ààrò wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ọkọ̀ Potogí kan tó fojú kan etíkun wa.

Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn ìkòkò tí a fi yọ́ dígí, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn tí ó bá níbẹ̀ ni ó dá irú iṣẹ́ ọnà tí ó rí ní ìlú náà sílẹ̀. Ó ní ìyókù ọlàjú Atlantis ni, ìyẹn ilẹ̀ tí òkun gbé mì nínú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì. Báyìí ni a ṣe fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni, tí a sì fẹ́ fi fún ẹni tí kò sí.

Ó ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí a tó wú ilẹ̀ Igbó Olókun bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2011 àti 2012, onímọ̀ ìwúlẹ̀ kan tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, Abidemi Babatunde Babalola, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí. Nígbà tí a yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, a rí i pé ó yàtọ̀ sí dígí Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ agbègbè Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a fi ṣe é, àwọn ará Ifẹ̀ ni wọ́n sì mọ ìdíwọ̀n rẹ̀. A ti rí ìlẹ̀kẹ̀ irú rẹ̀ títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali, létí odò Ọya. Ẹ̀rí sì wà pé ní Òṣogbo pẹ̀lú a ti ṣe iṣẹ́ dígí ní ayé ìgbà kan.

Ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa. Nígbà tí àwọn Potogí dé ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kori, ní apá Bìní, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní etíkun ilẹ̀ Gánà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yí padà. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice àti ti Bohemia bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní ẹrù-ẹrù, tí owó wọn kò sì wọ́n, iná ààrò Ifẹ̀ sì kú. Síbẹ̀ orúkọ sẹ̀gi kò parẹ́ lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ọlá rẹ̀ kò dínkù lọ́rùn àwọn ọba. Ẹni tí ó bá ní dígí kò kàn wá nítorí pé ohun òyìnbó ni, kí ó rántí Igbó Olókun.

ÌGÒ ONÍGUN MẸ́RIN

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ ilé. Bí ìgò kan bá wà tí ó lè sọ ìtàn apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgò ọtí jínì ni, èyí tí ó ní igun mẹ́rin, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ṣóóró. Kì í ṣe fún ẹwà ni a ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgò róbótó a máa fi àlàfo sílẹ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n ìgò onígun mẹ́rin a máa fi ara kan ara, tó bẹ́ẹ̀ tí méjìlá fi lè wọ inú àpótí kan láìfi àyè ṣòfò nínú ọkọ̀. Láti ilẹ̀ Holland àti láti èbúté Hamburg ní Jámánì ni púpọ̀ wọn ti ń wá.

Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa àti èkùrọ́ gba ipò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ń fi aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ọtí san owó rẹ̀ fún wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù, a ń ka àpótí ọtí bí ẹni ń ka owó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àfọ́kù ìgò yìí nínú ilẹ̀, kì í ṣe ohun mímu nìkan ni ó rí. Ó rí obìnrin kan tí ó pa èkùrọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó rí aláàárù tí ó rù ú dé èbúté, ó sì rí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ kí a lè fi ṣe ọṣẹ ní ìlú òyìnbó. Ìgò náà ni ìwé ẹ̀rí pé a san nǹkan. Bí ohun tí a san bá tó, tàbí bí kò bá tó, ẹ̀yin ni kí ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọtí yìí dá ariwo púpọ̀ sílẹ̀ ní ayé ọjọ́un. Àwọn oníwàásù ní ó ń ba ìlú jẹ́, àwọn oníṣòwò ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìjọba pàápàá sì wà láàárín méjì, nítorí pé owó ibodè orí ọtí wà lára owó tí ó pọ̀ jù lọ tí ń wọ àpò rẹ̀. Ní ọdún 1909, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1919, àdéhùn kan tí àwọn ìjọba ńlá ayé ṣe ní Saint-Germain, nítòsí Paris, fi òpin sí kíkó ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà, ọtí onígun mẹ́rin di ohun ọ̀wọ́n, a sì ń mú un jáde fún ohun pàtàkì ju fún ohun ojoojúmọ́ lọ.

Ó ha ti kúrò láàárín wa bí? Rárá o. Ẹ lọ sí Mówé tàbí Ìbàfò, kí ẹ sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ pé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀. Lẹ́yìn owó, ohun tí wọn yóò bèèrè ni ọtí, ìgò ṣínáàpù aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin a sì jáde. Àgbà ilé a dà díẹ̀ sílẹ̀, a pe àwọn tí ó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì súre. Níbi ìdána, ó wà nínú ẹrù ìyàwó. Níbi ìsìnkú àgbà, ó wà níbẹ̀. Ìgò tí a ṣe nítorí àpótí inú ọkọ̀ ojú omi ti di ohun tí àwa fi ń bá baba wa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun àjèjì ṣe ń di ọmọ ilé.

OJÚ IRIN IFỌ̀ ÀTI Ọ̀NÀ MÓWÉ

Ìlú mẹ́ta tí a dárúkọ kò jọ ara wọn nínú ìtàn, dígí sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó, ó gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní nǹkan bí ọdún 1930, a tún fa ojú irin mìíràn láti Ifọ̀ lọ sí Ìlaró àti Ìdógò, Ifọ̀ sì di oríta ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ohun tí ó lè fọ́. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, orí ènìyàn àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lórí odò Ògùn ni ẹrù fi ń wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bí ẹsẹ̀ aláàárù bá yọ̀, gbogbo ìgò orí rẹ̀ di àfọ́kù, gbèsè sì dé. Ṣùgbọ́n àpótí tí a fi koríko gbígbẹ dì, tí a gbé sínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó, lè dé Ifọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Dígí kò jẹ́ ohun àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan mọ́.

Èyí tí ó yí ilé padà jù lọ nínú wọn ni dígí fìtílà. Àtùpà amọ̀ oní-epo pupa ni a ń tàn tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a sì pa á. Fìtílà elépo òyìnbó tí a fi dígí bò kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó ọmọdé ka ìwé, ó tó àgbà ka owó, ó sì tó obìnrin pàtẹ ọjà alẹ́. Nínú agbo ilé, iṣẹ́ ọmọdé ni láti fi àkísà àti eérú nu dúdú inú dígí náà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí ó bá jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun mọ ohun tí ń dúró dè é, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti dàgbà lónìí ni ó kọ́ ìṣọ́ra lára dígí fìtílà. Àfọ́kù rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ẹni tí ó bá rí i nínú ilẹ̀ kí ó mọ̀ pé ó ti dé ìgbà tí ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí gùn sí i.

Mówé àti Ìbàfò kò sí lójú irin yìí. Abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n jẹ́ títí di ìgbà tí a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978. Nítorí náà, bí a bá ka ààtàn wọn bí ẹni ń ka ìwé, ojú ewé tí yóò nípọn jù lọ nínú ti Ifọ̀ yẹ kí ó jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin, èyí tí yóò sì nípọn jù lọ nínú ti Mówé àti Ìbàfò yẹ kí ó jẹ́ ti mọ́tò, èyíinì ni ìgò bíà àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyẹn pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, ní Èkó. Ní ọdún 1951 ni a dá ilé iṣẹ́ Nigerian Bottling Company, tí ń ṣe Coca-Cola, sílẹ̀. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọmọ Nàìjíríà fi ń gbé ìgò òfìfo lọ́wọ́ kí ó tó ra òmíràn. Ẹni tí kò ní ìgò, owó ìgò ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Lónìí a ń ṣe ìgò ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Àgbárá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kan náà. Síbẹ̀ ọ̀rá omi àti ike ti borí rẹ̀ lójú títì. Ìgbà dígí fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ láìdágbére fún wa.

OHUN TÍ ỌWỌ́ WA FI ÌGÒ ṢE

Àwọn kan yóò ní, ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ òyìnbó ni ó wà lára àwọn ìgò wọ̀nyí. Báwo ni ó ṣe di ìtàn tiwa? Ìdáhùn wa ni pé ìgò a máa gbé ayé lẹ́ẹ̀mejì. Òyìnbó ni ó ni ìgbésí ayé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí kì í ju oṣù díẹ̀ lọ. Àwa ni a ni ìkejì, èyí tí ó lè tó 20 ọdún.

Ẹ wo ọjà wa. Ìgò ni òṣùwọ̀n epo pupa, òróró, oyin àti epo òyìnbó. Bí obìnrin bá ní "ìgò kan, iye báyìí", kò sí ẹni tí ń bèèrè irú ìgò wo. Ìgò ni aláàgbo ń rọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ti ibà sí. Ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ní Ìbàfò àti Mówé, nígbà tí mọ́tò bá há, ẹ ó rí àwọn tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú ìgò ọtí tí a ti fọ̀ mọ́. Ọ̀mùtí mu ọtí inú rẹ̀ lánàá, ẹni tí kì í mutí rárá ń jẹ ẹ̀pà inú rẹ̀ lónìí.

Ní Bídà, ní ilẹ̀ Tápà, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ dígí tí à ń pè ní Masaga a máa da àfọ́kù ìgò sínú ààrò amọ̀, ẹwìrì a máa fẹ́ iná sí i títí yóò fi yọ́ bí oyin, wọn a sì fi irin wé e di ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. S. F. Nadel kọ̀wé nípa iṣẹ́ wọn ní ọdún 1940. Ìgò bíà tí ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí lè di ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ìyàwó tuntun.

Ní tiwa níhìn-ín, ibi tí ìgò parí sí ni orí ògiri. Ẹ gbé ojú sókè ní àdúgbò èyíkéyìí ní Mówé, ní Ìbàfò tàbí ní Ifọ̀, ẹ ó rí àfọ́kù ìgò tí a rì mọ́ sìmẹ́ǹtì lórí ògiri ọgbà, tí ojú mímú rẹ̀ kọ sókè, kí olè má baà gùn ún. Ọlọ́dẹ tí kì í sùn, tí kì í sì í gba owó oṣù ni. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ àti funfun ni wọ́n, oòrùn a sì máa tàn lára wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá dúró tì wọ́n yóò rí ohun tí ilé náà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ mu ní ọdún tí a kọ́ ọ, yóò sì rí ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ní ayé àtijọ́, agbo ilé kò ní ògiri bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn ará ilé ni ọlọ́dẹ. Bí àwọn tí yóò wá lẹ́yìn wa bá fẹ́ mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbé láàárín àwọn tí a kò mọ̀, dígí orí ògiri ni yóò sọ fún wọn.

BÍ A TI Í KA ÌGÒ

Kò gba ìwé gíga kí ènìyàn tó lè ka ìgò. Èkíní, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àpá ríro róbótó kan láàárín ìdí náà, bí ìdodo, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibi tí a ti ya ọ̀pá irin tí oníṣẹ́ fi dì í mú kúrò. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ṣáájú ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Èkejì, ẹ wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gun ìhà rẹ̀ lọ sókè, níbi tí irin méjì tí a fi ṣe ara rẹ̀ ti pàdé. Bí ìlà náà bá dúró ní ọrùn, tí kò dé ẹnu, ọwọ́ ènìyàn ni ó parí ẹnu ìgò náà. Bí ó bá gun ẹnu kọjá, ẹ̀rọ ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Michael Owens, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ẹ̀rọ irú rẹ̀ tí ó ń dá ṣiṣẹ́ ní ọdún 1903, ìgò ẹ̀rọ sì tàn káyé lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹnu. Ẹnu tí ó gba ìdérí irin oní-ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ létí, irú ti bíà, kò lè ṣáájú ọdún 1892, nítorí ọdún náà ni William Painter gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìgò kan tún wà tí ọrùn rẹ̀ fún, tí ọta dígí kékeré kan sì ń yí nínú rẹ̀. Hiram Codd, ará ìlú òyìnbó, ni ó gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1872 fún omi ẹlẹ́rìndòdò. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ọmọdé ni ó fọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ọta náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka ohun tí a kọ sí i. Orúkọ oníṣòwò, orúkọ ìlú, tàbí ìlà òṣùwọ̀n lára ìgò oògùn lè sọ ju ohun tí ìwé ńlá kan sọ lọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ojoojúmọ́ ni katakata ń wú ilẹ̀ ní agbègbè wa. Oko àná ni ilé òní, ojúlé àtijọ́ sì ń di ìpìlẹ̀ ilé alájà. Ohun tí ó bá jáde, a kó o pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, a dà á sínú kòtò ojú ọ̀nà, ó tán. Òfin wà lórí ohun àtijọ́, ìjọba sì dá àjọ tí ń ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1979, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tí ó lè fi òṣìṣẹ́ kan dúró ti ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ni ọkọ́ lọ́wọ́ ni olùṣọ́.

Àwa kò sọ pé kí gbogbo ilé di ilé ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kò bá àwọn tí ń ṣa ìgò tà wí, nítorí oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ìwọ̀nba ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí o bá rí ìgò tí ó jọ ti àtijọ́, má ṣe fọ́ ọ. Kọ ibi tí o ti rí i sórí bébà, kọ bí kòtò náà ti jìn tó, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì fi bébà náà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù ní àdúgbò, kí o bèèrè ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ rí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ lè fi àpótí kan sí yàrá ìkàwé fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ àná.

A tẹnu mọ́ ibi tí a ti rí i, nítorí ìdí rẹ̀ wà ní Igbó Olókun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń wú ilẹ̀ ibẹ̀ láti ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sọnù, ọrùn ènìyàn ni ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́ ibi tí ó wà, ohun tí ó bá a wà, àti ìgbà tí ó débẹ̀. Dígí wà, ẹnu rẹ̀ ti di. Ní apá ibi tí a kò tíì wú ni a ti wá fi sùúrù gbọ́ ohùn àwọn baba wa nígbẹ̀yìn, tí irọ́ Atlantis sì fi wó lulẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. A ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ìtàn sí ìdí Èkó, a fi sí ti Abẹ́òkúta, a fi sí ti Ìbàdàn, ó sì yẹ wọ́n. Mówé, Ìbàfò àti Ifọ̀ pẹ̀lú ní ìdí tí ó yẹ ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà nínú ilẹ̀ àgbàlá wa. Kí á tó jẹ́ kí katakata fọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀, kí á mú un, kí á sì wò ó.